Ohùn Tó Sọnù Lórí Òkun: Bí A Ṣe So Áńtẹ́nà Rédíò Mọ́ Ọkọ̀ Onígbòkun

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. A ti wà láàárín Òkun Biscay, omi ńlá tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti Spéìnì. Mo mú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo pe orúkọ ìpè mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì tẹ́tí sílẹ̀. Ariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń yan ẹ̀pà nìkan ni mo gbọ́. Ìgbà kejì nìyí tí mo pe ìyàwó mi nílé, ní Plymouth, tí n kò rí ìdáhùn.

Àdéhùn kan wà láàárín wa. Bí wákàtí 48 bá kọjá láì gbọ́ ohùn mi, kí ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Wákàtí 24 ti lọ nínú rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ wa. Ìgbòkun wà ní pípé, oúnjẹ wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bó ṣe yẹ. Ohùn wa nìkan ló sọnù. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi so áńtẹ́nà náà sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé bí ẹ̀bi bá wà, ọwọ́ mi ni yóò ti wá.

Ìlérí tí mo ṣe nílé

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ni ín, òyìnbó tó ti ń tukọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, òpó ìgbòkun kan ṣoṣo ló sì dúró láàárín rẹ̀. Nígbà tí ó ní kí n bá òun tukọ̀ láti Falmouth lọ sí A Coruña ní Spéìnì, ìrìn-àjò bí ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó mi kò ní kí n má lọ. Ohun tó sọ ni pé: “Bàbá Ìbejì, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí n máa gbọ́ ohùn yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

Ẹ lè béèrè pé fóònù ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ti fi etíkun sílẹ̀ ní ìwọ̀n máìlì díẹ̀, fóònù tó wà lápò wa kò wúlò mọ́ ju aago lọ. Fóònù alásátẹ́láìtì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ní ohun mìíràn: àwa méjèèjì ti jọ yege ìdánwò rédíò àfẹ́ṣe.

Rédíò yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́, tó ṣe ìdánwò, tí ìjọba sì fún ní ìwé àṣẹ ló ń fi í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, láì gba kọ́bọ̀. Oníkálukú ló ní orúkọ ìpè tirẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, Nàìjíríà ló ni ín. TY jẹ́ ti Benin, 5V jẹ́ ti Tógò, G àti M sì jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wà lójú òkun yóò fi MM kún ìparí tirẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé inú ọkọ̀ ló wà. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi fún mi láṣẹ. Ó kù kí a so áńtẹ́nà.

Áńtẹ́nà méjì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Oríṣi áńtẹ́nà méjì ni ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn nílò, nítorí ọ̀nà méjì ni ìgbì rédíò ń gbà rìn.

Èkíní ni ti rédíò VHF tí àwọn ọkọ̀ ojú òkun ń lò láàárín ara wọn. Ìkànnì 16 rẹ̀, ìyẹn 156.8 MHz, wà fún ìpè pàjáwìrì. Ìgbì yìí ń lọ tààrà ni. Ayé sì rí róbótó, nítorí náà ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ̀ bo ọkọ̀ ni ohùn náà máa ń mọ. Gíga ni ọgbọ́n rẹ̀. A gbé áńtẹ́nà náà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, sí ṣóńṣó òpó ìgbòkun, mítà 14 sókè omi. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ méjì tí òpó wọn ga bákan náà lè gbọ́ ara wọn ní nǹkan bí máìlì òkun 15. Bí a bá so ó mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀, tí kò ga ju mítà méjì ààbọ̀ sí omi, ìdajì ìyẹn ni yóò ṣẹ́ kù, bóyá kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ òpó ìgbòkun kan ló bá wa gòkè. Ó kọ́ mi ní ohun kan lọ́jọ́ náà: bí wáyà bá fẹ́ wọ inú ihò, kí ó kọ́kọ́ lọ́ wálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè padà wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbi ìlọ́ náà dípò kí ó tẹ̀lé wáyà wọlé. Mo mi orí, mo ní ó ti yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkán omi yìí sọ́kàn. Mo gbàgbé rẹ̀, mo sì jìyà rẹ̀.

Áńtẹ́nà kejì ni ti ìgbì kúkúrú, tí à ń pè ní HF. Ìgbì yìí máa ń gòkè lọ bá ìpele òfuurufú kan tí agbára oòrùn dá sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ionosphere. Yóò sì ta padà wá sílẹ̀ níbi tó jìnnà, bí bọ́ọ̀lù tí a jù mọ́ ògiri. Òun ló lè gbé ohùn láti Biscay dé Plymouth. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ti gùn tó ni áńtẹ́nà rẹ̀ ń gùn tó. Ìgbì 7.1 MHz gùn tó mítà 42, ti 14.2 MHz sì gùn tó mítà 21. Níbo ni a ó ti rí àyè fún irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ mítà 10?

Ọkọ̀ onígbòkun ní ìdáhùn lára. Okùn irin kan wà tó fa ṣóńṣó òpó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí òpó má baà wó síwájú. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní okùn ẹ̀yìn. Bí a bá gé e níbi méjì, lókè àti nísàlẹ̀, tí a fi ohun èlò tí iná kì í gbà kọjá sí ojú ibi tí a gé, àárín rẹ̀ ti di áńtẹ́nà nìyẹn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, nítorí okùn tí a gé yìí ló di òpó mú. Bí ìdènà kan bá já lójú ìjì, òpó lè wó. Nítorí náà, oníṣẹ́ náà la gbé e fún. A kò fi ọwọ́ ara wa gé e.

A fi ìdènà ìsàlẹ̀ sí nǹkan bí mítà méjì lókè ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìdí ni pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹnìkan sì di okùn náà mú lókè ìdènà, yóò jó o lọ́wọ́. A tún wọn gígùn rẹ̀ dáadáa. Bí áńtẹ́nà bá ṣe déédéé ìdajì gígùn ìgbì, ó máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ láti gbé agbára wọ inú rẹ̀. Fún ìgbì méjì tí a fẹ́ lò, ìdajì yìí jẹ́ nǹkan bí mítà 10.5 àti mítà 21. A rí i dájú pé tiwa jìnnà sí méjèèjì: láti ìdí ẹ̀rọ títí dé ìdènà òkè, mítà 13 ni.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí ni tuner. Kò sí wáyà kan tó bá gbogbo ìgbì mu, tuner ló ń bá wọn ṣe é kí wọ́n lè bára mu. Abẹ́ pèpéle ẹ̀yìn ọkọ̀ la gbé e sí, kí ó lè súnmọ́ okùn ẹ̀yìn. Láti orí rẹ̀, wáyà kan tí rọ́bà rẹ̀ nípọn gòkè lọ bá ìsàlẹ̀ áńtẹ́nà. Ibi tí wáyà yìí ti pàdé okùn ẹ̀yìn, èmi ni mo so ó. Mo fi ìdè irin mú un, mo fi téèpù dúdú wé e, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ nítorí ó wù mí.

Ìdajì tí ojú kì í rí

Ẹni tó bá wo ọkọ̀ wa láti etíkun yóò rí okùn ẹ̀yìn, yóò sì rò pé gbogbo áńtẹ́nà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Irú áńtẹ́nà yìí nílò ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bí igi ṣe nílò gbòǹgbò. Lórí ilẹ̀, a lè na wáyà káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Lójú òkun, omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ ni gbòǹgbò tó dára jù, nítorí iná ń gbà inú rẹ̀ kọjá dáadáa.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé fáíbà kì í jẹ́ kí iná kọjá, òun ló sì wà láàárín tuner àti omi. A wá na bàbà pẹlẹbẹ kan, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, láti ìdí tuner lọ sí ara ihò onídẹ kan tó kan omi nísàlẹ̀ ọkọ̀. A mú kí ó kúrú, a sì mú kí ó fẹ̀, nítorí pẹlẹbẹ fífẹ̀ ń gba ìgbì rédíò kọjá ju wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi dọ̀bálẹ̀ sínú ihò ẹ̀yìn ọkọ̀ tí mò ń ṣe èyí nìkan. Gbogbo ìbẹ̀rù mi, ibẹ̀ ló wà. Mo rò pé bí nǹkan kan yóò bá bàjẹ́, nísàlẹ̀ ni.

Ọkọ̀ tó ń yà bí mo bá ń sọ̀rọ̀

Ní èbúté, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo bá ará Ítálì sọ̀rọ̀, mo bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a dé ojú òkun lọ́jọ́ Ẹtì, mo tẹ bọ́tìnì kí n sọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà yà bàrá sí apá òsì. Mo dákẹ́, ó padà sọ́nà. Mo tún sọ̀rọ̀, ó tún yà. Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni pé mo ń ṣe oògùn. Ẹ̀rọ tó ń tukọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàárín àṣẹ kọ́ńpáàsì rẹ̀ àti agbára rédíò tó ń gba ara wáyà rẹ̀ wọlé. A kò rí èyí ní èbúté nítorí pé a pa ẹ̀rọ náà nígbà tí à ń dán rédíò wò. Mo fi òrùka ferrite mélòó kan tí mo kó lọ́wọ́ sí ara àwọn wáyà rẹ̀, ó sì dín kù púpọ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi a fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìtọ́kọ̀ mú.

Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi ketekete lórí 7.1 MHz. Ìgbì 14 MHz ni mo kọ́kọ́ dán wò. Àwọn ará Ítálì ń gbọ́ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi tó súnmọ́ mi jù wọ́n lọ kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbì yẹn máa ń fo ìtòsí kọjá kí ó tó balẹ̀. Ti 7 MHz ló ń balẹ̀ nítòsí ní ojú ọ̀sán.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ó ní ohùn mi ń já. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, kò sí ohùn mọ́.

Ayékòótọ́ tó jẹ wáyà

Ní òru náà, nígbà tí ó kàn mí láti ṣọ́ ọkọ̀, àwọn ará Kon-Tiki ló wá sí mi lọ́kàn. Ní ọdún 1947, Thor Heyerdahl àti àwọn márùn-ún mìíràn kó sórí pátákó balsa tí wọ́n so pọ̀. Wọ́n kúrò ní Callao ní orílẹ̀-èdè Peru, òkun Pàsífíìkì sì gbé wọn lọ fún ọjọ́ 101. Knut Haugland àti Torstein Raaby ló wà nídìí rédíò wọn. Àwọn ọmọ Norway méjèèjì yìí ti lo rédíò lábẹ́lẹ̀ fún orílẹ̀-èdè wọn nígbà ogun àgbáyé kejì. LI2B ni orúkọ ìpè wọn, àwọn onírédíò àfẹ́ṣe bíi tiwa ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀.

Wọn kò ní okùn ẹ̀yìn onírin bíi tiwa. Wọ́n fi bàlúùn gbé wáyà sókè, wọ́n sì fi kite náà gbé e. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn dédé já lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wò ó, ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tó wà pẹ̀lú wọn ló ti fi ẹnu gé wáyà áńtẹ́nà sí wẹ́wẹ́. Ẹyẹ tí a mọ̀ sí ọlọ́rọ̀ ló pa ohùn gbogbo wọn mọ́ wọn lẹ́nu!

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọlu òkúta etíkun Raroia, wọ́n sọ fún onírédíò kan ní Rarotonga pé bí kò bá gbọ́ wọn láàárín wákàtí 36, kí ó figbe ta. Omi bo rédíò wọn. Wọ́n kó o síta, wọ́n sá a, wọ́n sì ṣe é títí ohùn fi jáde kí ìgbà tí wọ́n dá tó pé. Mo sọ fún ara mi pé bí àwọn yẹn bá rí tiwọn ṣe, kò yẹ kí èmi kùnà.

Ibi tí ohùn wà

Lẹ́yìn tí ìpè agogo mẹ́jọ lọ lásán, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bátìrì dára. Mo wọ inú ihò ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fọwọ́ kan bàbà pẹlẹbẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbẹ, ó ń dán. Mo wo wáyà rédíò, kò sí èyí tó já. Ṣùgbọ́n tuner tó máa ń rí ibi tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò yé ta kìtìkìtì, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí n kò tíì wò: ìdè tí mo ya fọ́tò rẹ̀.

Mo so okùn ààbò mọ́ àyà, mo gun irin ẹ̀yìn ọkọ̀. Omi ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi di ẹsẹ̀ mi mú. Nígbà tí mo tú téèpù, omi ewéko bí omi ẹ̀fọ́ tètè kán sí mi lọ́wọ́. Bàbà inú wáyà náà ti hu ìpẹtà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Omi ń ṣàn láti òkè gba ara okùn ẹ̀yìn wálẹ̀, ó ń wọ inú ìdè mi, téèpù tí mo fi wé e sì dì í mọ́ ibẹ̀ kí ó má lè jáde. Ohun tí mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ló di àgbá omi. Mo ti fi ọjọ́ méjì ṣọ́ bàbà tó wà nísàlẹ̀, mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá so èyí tó wà lókè.

Mo gé ojú wáyà tó ti bàjẹ́ kúrò, mo fi ọ̀bẹ fá okùn irin títí ó fi dán, mo sì tún un dè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí wáyà lọ́ wálẹ̀ kí ó tó gòkè bá ìdè, bí oníṣẹ́ náà ti kọ́ mi. Mo fi téèpù rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele òkè lè bo ti ìsàlẹ̀ bí páànù òrùlé.

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù. Mo pe orúkọ ìpè mi. N kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi gbọ́ ọ.

“Bàbá Ìbejì, mo ń gbọ́ yín o. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 34 nìyẹn. Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀fun mi dì. Ọ̀rẹ́ mi tó di ìtọ́kọ̀ mú yíjú sí omi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin kan láti Wales tó ti ń gbọ́ wa bọ́ sí i, ó ní èdè wo nìyẹn. Mo ní Yorùbá ni. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tí a sọ, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé inú ìyàwó mi dùn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín

Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó ra rédíò. Ẹ má fi rédíò àfẹ́ṣe rọ́pò VHF àti ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì EPIRB tó ń fi 406 MHz ké sí sátẹ́láìtì. Àfikún ni, kì í ṣe àrọ́pò. Ẹ gbé okùn ẹ̀yìn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gé. Bí ẹ bá ń dán rédíò wò, ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ ọkọ̀ pátá, nítorí ọkọ̀ tó sùn kì í sọ àìsàn rẹ̀. Ìdè yòówù tí ẹ bá so, ẹ bi ara yín pé bí omi bá wọ ibí, ibo ni yóò gbà jáde?

Ẹ sì jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé kí ẹ tó lọ. Àdéhùn tèmi ní àlèébù: a sọ ohun tí ìyàwó mi yóò ṣe bí ohùn bá sọnù, a kò sọ bí yóò ṣe mọ̀ bóyá rédíò ló bàjẹ́ tàbí ọkọ̀ ló rì. Ní báyìí, a máa ń kọ ọ̀nà tí a ó gbà, ọjọ́ tí a rò pé a ó gúnlẹ̀ àti ẹni tí yóò pè sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo dé ilé, mo rí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò rẹ̀. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ti fi bírò fa ìlà kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Kì í ṣe àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló tẹ́tí.